Kí Bàbá Má Di Bàbà

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, ni Àgọ́ Aláyé wà. Ìsìnkú àgbà ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Ìyá arúgbó tí ó rí ọmọ, tí ó rí ọmọ-ọmọ, ni a ń sin, nítorí náà ayẹyẹ ni, kì í ṣe ọ̀fọ̀. Lábẹ́ àtíbàbà ni mo ti rí àwọn ọmọ mọ́kànlá kan tí wọ́n to ara wọn ní ìlà méjì, tí oòrùn ń kọ mànà lára fèrè idẹ ọwọ́ wọn. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Èyí tí ó kéré jù, fèrè tí ó gbé dání fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun fúnra rẹ̀. Tíṣà kan tí kò tí ì dàgbà púpọ̀ ni ó kọ́ wọn. Òun kan náà ni ó sì to gbogbo orin tí wọ́n fọn lọ́jọ́ náà.

Orin méjì nínú ohun tí wọ́n fọn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Èkínní ni "Hey Jude", orin tí àwọn Beatles ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1968. Èkejì jẹ́ orin ìsìnkú kan tí àwọn obìnrin agbègbè náà máa ń fi ẹ̀ka-èdè Òǹdó kọ bí wọ́n bá ń sin àgbà. Nígbà tí wọ́n fọn ti àkọ́kọ́, inú gbogbo ènìyàn dùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí a kò tí ì bí nígbà tí orin náà jáde ń mi orí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó kan orin ìsìnkú, èyí tí ó jẹ́ tiwa, ńṣe ni abẹ́ àtíbàbà dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì mí yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, orin wo ni wọ́n ń fọn yìí?" Orin tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ náà parí, onígángan kan tí ó wà níbẹ̀ gbé ìlù rẹ̀ há abíyá, ó fi sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ orin náà. Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn obìnrin ti dìde, wọ́n ti gbe orin, ìyá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ti sọ aṣọ orí rẹ̀ mọ́ ìdí.

Ìbéèrè tí mo gbé kúrò níbẹ̀ rèé: kí ló dé tí awọ kan àti ọ̀pá ìlù kan fi rí ṣe ohun tí fèrè mọ́kànlá kò rí ṣe? Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kò mọ fèrè é fọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá gbọ́ "Hey Jude" wọn yóò jẹ́rìí sí i. Kì í sì í ṣe pé tíṣà wọn kò gbọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọ̀nà tí a gbà to orin náà. Èrò tèmi ni pé òfin tí a fi ń to orin òyìnbó fún fèrè ọmọdé yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ kí a fi to orin Yorùbá, àti pé ẹni tí ó bá fi òfin ti àkọ́kọ́ ṣe ti èkejì yóò ba ọ̀rọ̀ jẹ́ láìmọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fèrè idẹ fúnra rẹ̀ ni mo ń bá wí. Ó ti pẹ́ tí fèrè idẹ ti di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba amúnisìn mú un wá, àwọn oníjọ náà sì mú un wá. Salvation Army, tí a mọ̀ mọ fèrè káàkiri ayé, gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1920. Nígbà tí ó yá, fèrè kúrò ní ojú ogun àti ilé ìsìn, ó dé agbo ijó. Victor Ọláìyá, tí a bí ní 1930, tí ó sì di olóògbé ní 2020, ni ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré níbi ijó tí ìjọba ṣe nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956. Fẹlá Aníkúlápó Kútì ṣeré pẹ̀lú rẹ̀ kí ó tó lọ kọ́ nípa orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Roy Chicago, ọmọ Ìkárẹ́ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Òǹdó yìí kan náà, mú gángan wọ inú háílàìfù, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrè. Bí mo bá ronú sí ohun tí Roy Chicago ṣe yìí, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ti rí ohun tí èmi wá rí lẹ́yìn náà ní Àgọ́ Aláyé: pé fèrè lè pariwo, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orin òyìnbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ to orin rọ́ọ̀kì fún fèrè ọmọdé ní iṣẹ́ mẹ́ta pàtàkì. Yóò wá fèrè tí yóò gba ohùn akọrin. Yóò wá fèrè ńlá tí yóò gba iṣẹ́ gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Yóò sì pín ìró tí ó kù fún àwọn fèrè àárín. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ afọnfèrè ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ràn "25 or 6 to 4", orin tí ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Chicago gbé jáde ní 1970. Kò yani lẹ́nu. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti tírọ́ńbóònù ti wà nínú orin náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ohun tí ó sì gbé e ró ni ìró gìtá tí ń sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, tí ó sì ń padà sí òkè láti tún sọ̀kalẹ̀. Gbé ìró náà fún tíúbà, orin ti dúró. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú orin náà rí yóò mọ̀ ọ́n.

Bákan náà ni "Hey Jude" rí. Ó lé ní ìṣẹ́jú méje, ṣùgbọ́n ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ìparí, níbi tí àwọn akọrin ti ń tún ìró kúkúrú kan tí kò ní ìtumọ̀ kọ lákọtúnkọ. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ fèrè ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn lè bá wọn fọn ibẹ̀. Kí orin náà tó dé ìparí yìí, ohùn a máa gun òkè lọ réré, ètè ọmọdé kò sì lè tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Tíṣà Àgọ́ Aláyé fi nóòtì tí ó wà nísàlẹ̀ rọ́pò àwọn ti òkè wọ̀nyí. Kò sí ẹni tí ó fura. Kí ló dé? Nítorí pé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ohùn orin bá gòkè tàbí bí ó bá sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Bàbá yóò ṣì máa jẹ́ bàbá, ìbáà jẹ́ orí igi ni wọ́n ti pè é tàbí inú kànga.

Nínú èdè tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni a ní: ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ya ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára ìlù, tí wọ́n sì ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wọn. Nítorí èyí ni orin Yorùbá kì í fi í rìn bí ó bá ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ ni ó ń fa ọwọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa nínú iṣẹ́ orin mọ èyí. Josiah Ransome-Kútì, bàbá tí ó bí bàbá Fẹlá, tí ó kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, mọ̀ ọ́n. T. K. E. Phillips, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina, Èkó, tí ó sì kọ ìwé tí a ń pè ní Yoruba Music ní 1953, mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún jù ni kí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ bára mu.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo pe tíṣà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo kí i kú iṣẹ́, nítorí ó kú iṣẹ́ lóòótọ́, mo wá béèrè nípa orin ìsìnkú náà. Kò bínú. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ètè àwọn ọmọ yìí ni kò tí ì gbà á. Bí mo bá fi nóòtì òkè yẹn sílẹ̀ fún wọn, yóò kàn máa fọ́ mọ́ wọn lẹ́nu ni. Mo wá ní kí n fi èyí tí ó wà nísàlẹ̀ dí i, bí mo ti ṣe nínú 'Hey Jude'." Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn kan tí kò sí nínú orin náà ṣe àpẹẹrẹ: "ilé bàbá mi". Nínú "bàbá", sílébù àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀, èkejì fò sókè. Bí ọmọdé kò bá lè fọn nóòtì òkè, tí a wá ní kí ó tún ti ìsàlẹ̀ fọn lẹ́ẹ̀mejì, "bàbá" ti di "bàbà" nìyẹn. Irin pupa tí wọ́n yọ́ mọ́ síńkì kí ó tó di idẹ, tí idẹ fi di fèrè, ni a ń pè ní bàbà. Fèrè ti sọ baba onílé di irú ara rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé a máa ń ṣi ohùn lò nínú orin Yorùbá, ilé kò sì wó. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi sí ohùn òyìnbó, tí ọ̀rọ̀ inú wọn kò bá ohùn náà mu rárá, a sì ń kọ wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń gbà wá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu ni. Nígbà tí akọrin bá ń pe kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, tí ìwé orin sì wà lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ a máa bo àṣìṣe ohùn mọ́lẹ̀. Fèrè kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Owó àti ọwọ́, bákan náà ni wọ́n rí lẹ́nu fèrè, nítorí ohùn àárín àti ti òkè ni méjèèjì ní. Bí gángan ṣe rí náà nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí onígángan kì í fi í sọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Odindi gbólóhùn ni ó ń lù, kí etí olùgbọ́ lè rí ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ohùn nìkan ṣoṣo ni ó kù fún fèrè láti fi sọ̀rọ̀. Bí a bá gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí ó kù mọ́ bí kò ṣe ariwo dídùn.

Ẹlòmíràn yóò ní orin kì í ṣe ọ̀rọ̀, kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ gbádùn ara wọn. Èmi náà gbà pé kì í ṣe gbogbo ìró fèrè ni ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Nínú orin Fẹlá fúnra rẹ̀, fèrè a máa kọ́kọ́ fọn tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnu tó ya, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè pé kí ni ó ń wí. Ṣùgbọ́n fèrè Fẹlá kò sọ pé òun ni orin ìyá ẹnikẹ́ni. Bí a bá kéde fún àwọn èrò pé orin ìsìnkú tí wọ́n mọ̀ ni a fẹ́ fọn, a ti bá wọn ṣe àdéhùn pé wọn yóò gbọ́ ọ. Lámèyítọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá àdéhùn náà ṣẹ.

Kí ni ó wá yẹ kí atorin ṣe? Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Atorin gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọwọ́ ọmọdé tó. Bí òkè orin bá ga jù fún ètè wọn, kí ó má ṣe fa nóòtì kan ṣoṣo wálẹ̀. Odindi orin náà ni kí ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe bí nóòtì kan ṣe ga tó ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, bí kò ṣe bí ó ṣe ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ọmọdé àti bàbá rẹ̀ kì í fi ohùn kan náà pe "bàbá", síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ti ọmọ náà ní "bàbà".

Lẹ́yìn èyí ni ohùn kejì. Nínú ìwé orin òyìnbó, a kọ́ wa pé ó dára kí ohùn kejì máa sọ̀kalẹ̀ bí ti àkọ́kọ́ bá ń gòkè. Ó dùn ún gbọ́ nínú orin tiwọn. Nínú orin tiwa, ohùn kejì tí ń lọ sí ìdàkejì ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí etí wa ní àkókò kan náà. Àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti rí ojútùú sí èyí kí òyìnbó tó dé: bí wọ́n bá ń fi ohùn méjì kọrin, ohùn kejì a máa tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn, bí ìyẹn bá gòkè yóò gòkè, bí ó bá sọ̀kalẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀. Ohùn di méjì, ọ̀rọ̀ kò di méjì. Kò sí ìdí tí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kejì kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe rò pé tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ó gbọ́dọ̀ máa ṣe lé orin nígbà gbogbo. Nínú gbogbo fèrè idẹ, tírọ́ńbóònù ni ó súnmọ́ gángan jù. Kì í ṣe ìka ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá rẹ̀ ni a ń tì síwájú tí a sì ń fà sẹ́yìn, nítorí náà ohùn rẹ̀ lè yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìfò, bí onígángan ti ń fún ọṣán mọ́ra. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ibi méje ni ọ̀pá náà ti ń dúró, apá ọmọdé kì í sì í dé èyí tí ó jìnnà jù. Atorin tí ó bá mọ èyí yóò yan ohùn tí orin yóò fi wà ní ibi tí kò jìnnà sí ẹnu.

Paríparí rẹ̀, kí a má ṣe di gbogbo ẹrù lé fèrè lórí. Gangbé Brass Band, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kútọnù, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní 1994, ti fi èyí hàn wá. Wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n sì ń fi ẹnu kọrin. Nínú àwo wọn tí ń jẹ́ Whendo, tí ó jáde ní 2004, wọ́n kọ orin ìrántí fún Fẹlá, tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní "Remember Fela". Ohun tí ó wú mi lórí nínú iṣẹ́ wọn ni pé ẹnu, ìlù àti fèrè kò bá ara wọn dù ú. Ẹgbẹ́ ọmọdé tí ó bá ní onígángan kan láàrin rẹ̀, tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì kọ́kọ́ fi ẹnu kọ orin kí wọ́n tó gbé fèrè, ti dé ìdajì ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kéré sí ohun tí à ń pariwo lé. Ní 1973, Paul McCartney, ẹni tí ó kọ "Hey Jude", wá sí Èkó láti gba orin sílẹ̀ fún àwo Band on the Run. Fẹlá fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin wa kó. McCartney ní láti jẹ́ kí Fẹlá gbọ́ orin náà kí ó lè rí i pé kò sí ohun tiwa nínú rẹ̀. Ẹ̀rù olè ni ó ba Fẹlá nígbà náà. Ẹ̀rù mìíràn ni ó ń bà mí báyìí. Ohun tí ẹnìkan kò jí lè bọ́ sọnù lọ́wọ́ onílé. Ìyá tí a sin ní Àgọ́ Aláyé wà lára àwọn tí ìbá bá wa ṣe lé orin yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́kù kò pọ̀. Àwọn ọmọ mọ́kànlá yìí ni yóò jogún orin náà. Bí ó bá jẹ́ bàbà ni a kọ́ wọn, bàbà ni wọn yóò fi kọ́ ọmọ tiwọn, "Hey Jude" nìkan ni yóò sì kù tí wọ́n mọ̀ ní àmọ̀jálẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn èrò ti ń tú ká, tíṣà náà pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti sọ orin náà kalẹ̀, ó sì gbé gbólóhùn àkọ́kọ́ fún ọmọkùnrin kan tí ń fọn tírọ́ńbóònù. Ọmọ náà kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́. Ó gbé fèrè, ó ṣìnà, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà kẹta ni ó fọn ún dé ìdí. Kò dùn tó bí ó ti yẹ. Ọ̀pá rẹ̀ ń gbọ̀n, èémí rẹ̀ kò sì tó. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ ìkòkò, ohùn ẹnìkan dìde, ó gbe orin náà. Ẹnu ya ọmọ náà, ó gbé fèrè kúrò lẹ́nu, ó ń wo tíṣà rẹ̀. Tíṣà ní, "Má dúró. Ìwọ ni wọ́n ń dá lóhùn."